Lódà mágásìnì: ìbéèrè àti ìdáhùn fún àwa tá a ń yin ìbọn ní pápá ní Amẹ́ríkà

Àwọn ọmọ Yorùbá wà ní Texas, Georgia àti Maryland tí wọ́n ní ìbọn tí òfin fọwọ́ sí, tí wọ́n sì ń lọ sí pápá ìyìnbọn lópin ọ̀sẹ̀. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ ro ẹni tuntun níbẹ̀ ni àtàǹpàkò, nítorí ọta tó ń tì bọ inú mágásìnì. Àwọn ìbéèrè ìsàlẹ̀ yìí dá lórí irinṣẹ́ kékeré tó ń báni ṣe iṣẹ́ yẹn. Èrò tèmi ni pé ọwọ́ ẹni ló wà fún, kò wà fún ìkánjú. Ẹni tó bá rà á kó lè yára ju ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ kò tíì mọ ohun tó rà.

Kí ni lódà, kí ló sì ń ṣe gan-an?

Mágásìnì ni àpótí tẹ́ẹ́rẹ́ tí a máa ń kó ọta sí kí á tó tì í bọ inú ìbọn. Bí a bá fọwọ́ lásán kó o, àtàǹpàkò ni yóò máa tẹ ọta kan mọ́lẹ̀ kí òmíràn lè gorí rẹ̀. Lódà ló ń gba iṣẹ́ títẹ̀ yẹn ṣe. Ó máa ń dé orí mágásìnì, á fi imú tàbí ọ̀pá kékeré kan tẹ ohun tó wà lókè mọ́lẹ̀, àyè á ṣí, ẹ̀yin á sì fi ọta sí àyè náà. Agbára tí ìka kan ṣoṣo ì bá lò, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ni yóò pín in gbé. Kò ní bátìrì, kò gba iná mànàmáná. Èyí tó pọ̀ jù nínú wọn, ike ni wọ́n fi ṣe é, ó sì lè wọ àpò ṣòkòtò.

Ọta mẹ́rin márùn-ún àkọ́kọ́ kì í nira. Kí ló dé tí àwọn tó gbẹ̀yìn fi máa ń le tó bẹ́ẹ̀?

Ẹ jẹ́ ká wo inú mágásìnì. Sípírìn gígùn kan wà níbẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Lórí sípírìn ni pẹpẹ kékeré kan wà tó ń gbé ọta sókè. Lókè pátápátá ni ètè méjì wà, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, tí wọ́n tẹ̀ wọnú díẹ̀. Àwọn ni kì í jẹ́ kí ọta fò jáde. Gbogbo ọta tí ẹ bá fi kún un ló ń fún sípírìn náà pọ̀ sí i, bó bá sì ṣe fún tó ni yóò ṣe máa ti ọwọ́ yín padà tó.

Ìdí kejì wà lára ìbọn ìléwọ́, òun ló sì ń pa ọ̀pọ̀ èèyàn lára jù. Ìbọn ìléwọ́ òde òní, irú Glock 17 tí mágásìnì rẹ̀ ń gba ọta 17, máa ń to ọta sí ìlà méjì nísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ṣoṣo ló lè jáde lókè. Bí mágásìnì náà ṣe ń gòkè ló ń fún pọ̀. Nítorí náà ọta tuntun kò lè wọlé tààrà láti òkè. Ẹ gbọ́dọ̀ tẹ èyí tó wà níbẹ̀ mọ́lẹ̀, kí ẹ sì máa ti tuntun láti iwájú lọ sẹ́yìn, kó wọ abẹ́ ètè méjèèjì. Iṣẹ́ méjì nìyẹn, ẹ̀ẹ̀kan náà ni ìka yín ń ṣe é, etí ètè náà sì mú.

Mágásìnì ìbọn gígùn bí AR-15 yàtọ̀. Ìlà méjèèjì dé òkè, ọta sì ń jáde lọ́tùn-ún, lósì, lọ́tùn-ún, lósì. Ẹ lè gbé ọta lé e lórí kí ẹ sì tẹ̀ ẹ́ tààrà, á dún wọlé. Ìdí nìyí tí lódà ìbọn ìléwọ́ kò fi jọ ti ìbọn gígùn, tí ẹni tó ra ọ̀kan fún èkejì sì máa ń kábàámọ̀ owó rẹ̀.

Físà akẹ́kọ̀ọ́ ni mo fi wà ní Amẹ́ríkà. Ṣé mo lè bá ọ̀rẹ́ mi kó ọta sí mágásìnì ní pápá?

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe é kí ẹ tó bá agbẹjọ́rò sọ̀rọ̀. Òfin ìjọba àpapọ̀ sọ pé ẹni tó wọ Amẹ́ríkà pẹ̀lú físà onígbà díẹ̀, yálà akẹ́kọ̀ọ́, òṣìṣẹ́ H-1B tàbí àlejò, kò gbọdọ̀ ní ìbọn tàbí ọta lọ́wọ́. Ẹ wò ó dáadáa: òfin náà dárúkọ ọta lọ́tọ̀. Ẹ ò tilẹ̀ tíì fọwọ́ kan ìbọn, ọta tó wà ní àtẹ́lẹwọ́ yín nìkan ti tó ẹjọ́. Àwọn àyè díẹ̀ wà tí òfin yọ sílẹ̀. Èyí tí àwọn èèyàn mọ̀ jù ni ti ẹni tó ní ìwé àṣẹ ọdẹ láti ọwọ́ ìpínlẹ̀ kan, tí ọjọ́ rẹ̀ kò tíì kọjá. Láti ọdún 2022, ẹ̀wọ̀n ibẹ̀ lè tó ọdún 15, ẹjọ́ ìbọn sì wà lára ohun tí wọ́n fi ń lé èèyàn kúrò nílùú.

Ẹjọ́ kan wà tó yẹ kí gbogbo ọmọ wa tó ń kàwé níbí mọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Rehaif wá láti orílẹ̀-èdè Lárúbáwá kan láti kàwé ní Florida. Ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ yọ ọ́ kúrò nítorí máàkì, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀tọ́ tó ní láti máa gbé ìlú dópin. Ó lọ sí pápá ìyìnbọn, ó yin ìbọn tí wọ́n yá a níbẹ̀, ló bá di ẹjọ́. Ẹjọ́ náà dé Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ ní 2019. Wọ́n sọ níbẹ̀ pé ìjọba gbọ́dọ̀ fi hàn pé ẹni náà mọ ipò tí òun wà nílùú. Ìyẹn kò sọ pé kí ẹlòmíràn lọ dán an wò. Àwọn kan máa ń sọ pé "ẹni tó yá mi níbọn ló mọ òfin." Rárá o, orí ẹni tó dì í mú ni òfin ń dé sí.

Ẹni tó ní gíríìnì káàdì àti ẹni tó ti di ọmọ orílẹ̀-èdè kò sí lára àwọn tí òfin físà yìí dè.

Irú lódà wo ló wà?

Èyí tó kéré jù ni ìdérí ike tí wọ́n máa ń kó sínú páálí Glock tuntun. Ẹ ó fi bo orí mágásìnì, ẹ ó sì fi àtàǹpàkò tẹ ìdí rẹ̀. Ìka ṣì ń ṣiṣẹ́, àmọ́ ike tó fẹ̀ ló ń tẹ̀ báyìí, etí irin kò gún un mọ́. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé é sínú páálí títí ayé, ó sì ń dùn mí, nítorí ọ̀fẹ́ ni.

Lẹ́yìn ìyẹn ni UpLULA, tí ilé iṣẹ́ Maglula ti Ísírẹ́lì ń ṣe. Ìbọn ìléwọ́ ló wà fún, láti 9mm dé .45 (irú nọ́ńbà báyìí ló ń sọ bí ọta ṣe sanra tó), yálà onílà kan tàbí onílà méjì. Bí ẹ bá lọ sí pápá kan lónìí, ó ṣeé ṣe kí ẹ rí i lọ́wọ́ ẹnì kan, gbogbo àtẹ́lẹwọ́ ni a fi ń fún un. Ilé iṣẹ́ yẹn kan náà ní kékeré kan fún .22 títí dé .380, wọ́n sì ní LULA fún AR-15 àti M4, ìbọn ológun tó jọ ọ́.

Ìkẹta ni kílípù, páńṣá irin tẹ́ẹ́rẹ́ tó di ìdí ọta 10 mú lẹ́ẹ̀kan. Ọta 5.56 ti ológun, tí AR-15 náà ń yìn, sábà máa ń wá lórí rẹ̀. Ẹ ó fi irin atọ́nà kan sí ẹ̀yìn mágásìnì, ẹ ó ti kílípù sí i, ẹ ó sì tẹ gbogbo mẹ́wàá wọlé. Ẹni tí ọwọ́ ń ro, kó máa ṣọ́ra fún èyí. Ó yá, àmọ́ ó gba agbára.

Ìkẹrin ni àpótí ńlá tí a máa ń da ọta sí, tí a sì máa ń fi ọ̀pá tì wọ́n wọlé. Orí tábìlì ló ń gbé. Bí ẹ kò bá ń yin ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọta lẹ́ẹ̀kan, ẹrù lásán ni.

Báwo ni mo ṣe máa lo ti ìbọn ìléwọ́?

Kí ẹ tó fọwọ́ kan ọta rárá, ẹ yọ mágásìnì kúrò lára ìbọn, ẹ fa ẹ̀yìn ìbọn kí ọta tó bá wà nínú rẹ̀ jáde, ẹ fi ojú wo inú rẹ̀, ẹ sì fi ìka kàn án. Ẹ gbé e sílẹ̀ lórí tábìlì ní ṣíṣí, kí ẹnu rẹ̀ kọjú síbi tí wọ́n ń yìn sí. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ mágásìnì tó bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó ń fi ọwọ́ kan mú ìbọn, tó ń fi èkejì wá ọta, kò sí lódà tó lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Ẹ dá ìdí mágásìnì dúró lórí tábìlì. Ẹ fi ọwọ́ tó lágbára jù gbé lódà dé e lórí. Bí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ wálẹ̀ tí ẹ sì ń fún un, imú rẹ̀ á tẹ ohun tó wà lókè mágásìnì mọ́lẹ̀, àyè á là. Ẹ fi ọwọ́ kejì gbé ọta kan sí àyè náà, kí orí rẹ̀ kọjú síwájú. Ẹ tú ọwọ́ díẹ̀, kí imú lódà lè kúrò lọ́nà, kí ọta sì jókòó sábẹ́ ètè. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Tẹ̀, fi sí i, tú u. Bí ọwọ́ bá ti mọ̀ ọ́n, ẹ lè máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ lọ.

Àṣìṣe tí mo máa ń rí jù ni pé èèyàn á máa fi gbogbo ara tì í. Lódà kò fẹ́ agbára, ó fẹ́ kí ó jókòó tọ́. Bó bá wọ́, imú rẹ̀ á kọ́ ètè mágásìnì, nǹkan á há. Ẹ yọ ọ́, ẹ tún un gbé kalẹ̀. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko.

Bó bá kún, ẹ fi ẹ̀yìn mágásìnì gbá àtẹ́lẹwọ́ yín pẹ́pẹ́pẹ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta kí gbogbo ọta sún sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ mágásìnì ní ihò kéékèèké lẹ́yìn tí nọ́ńbà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ibẹ̀ ni ẹ ti lè mọ iye ọta tó wà nínú rẹ̀ láìtú u.

Ti AR-15 ńkọ́?

Ó rọrùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. LULA á wọ orí mágásìnì, ẹ ó fi ọta sínú ojú ọ̀nà rẹ̀, ẹ ó fi ọwọ́ rẹ̀ tẹ ọta náà wọlé, ẹ ó fi òmíràn sí i. Bí ẹ bá yí ìlò rẹ̀ padà, òun náà ló ń tú ọta jáde, èyí sì ṣe pàtàkì fún ẹni tó fẹ́ tú mágásìnì rẹ̀ kó tó délé.

Mágásìnì mi ń gba 30, mo kó 30 sí i, ó kọ̀ kò wọnú ìbọn. Ṣé lódà ló bà á jẹ́?

Lódà kọ́. Bí ẹ̀yìn ìbọn bá wà ní títì, ọta tó wà lókè mágásìnì gbọ́dọ̀ rí àyè lọ sísàlẹ̀ díẹ̀ kí mágásìnì tó lè kọ́. Nígbà tó bá kún bámúbámú, sípírìn kò ní àyè kankan mọ́. Ọ̀pọ̀ ológun Amẹ́ríkà ló máa ń dá a dúró sí 28 nítorí èyí. Ẹ̀yin náà ẹ yọ ọ̀kan tàbí méjì, ẹ ó rí i pé á wọlé. Ewu kan tó wà nínú lódà nìyí: nítorí pé ọwọ́ kì í rò yín mọ́, ẹ lè kó o kọjá ibi tó yẹ láìmọ̀.

Ìbọn .22 ni mo fi ń kọ́ ọmọ mi. Ṣé ó nílò lódà?

Ọ̀pọ̀ mágásìnì ìbọn ìléwọ́ .22, bíi ti Ruger Mark IV tó ń gba 10, ní bọ́tìnì kékeré kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí a máa ń fà wálẹ̀ kí sípírìn lè rọ̀. Bọ́tìnì yẹn máa ń ge ìka. Lódà rẹ̀ jẹ́ ike kan tó kọ́ bọ́tìnì náà, kí ẹ lè fi ọwọ́ fà á láìfara pa.

Àmọ́ ẹ má fà á wálẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan kí ẹ wá máa da ọta sí i. Ìdí ọta .22 ní etí tó yọ síta. Bí etí ọta òkè bá bọ́ sẹ́yìn etí ti ìsàlẹ̀, wọ́n á kọ́ ara wọn, ìbọn á sì máa há ní gbogbo ìgbà. Ẹ máa fà á díẹ̀díẹ̀, kí ọta kọ̀ọ̀kan jókòó sí ipò rẹ̀ kí òmíràn tó tẹ̀ lé e. Ọmọdé lè kọ́ ọ, ó sì ń kọ́ ọmọ ní sùúrù.

Ìbọn onígbá yíyí ni mo ní. Èwo ni tèmi nínú gbogbo èyí?

Ìbọn yín kò ní mágásìnì. Ohun tí àwọn èèyàn ń pè ní spídì lódà fún un jẹ́ róbótó, ó di ọta 5, 6, 7 tàbí 8 mú gẹ́gẹ́ bí ihò inú igbá ìbọn náà ṣe pọ̀ tó. Ẹ ó kó gbogbo wọn wọnú igbá lẹ́ẹ̀kan, ẹ ó yí orí rẹ̀ bó bá jẹ́ ti HKS, tàbí kí ẹ tì í bó bá jẹ́ ti Safariland, ọta á sì jábọ́ sáyè wọn. Níbí yìí, ìyára ni wọ́n tìtorí rẹ̀ ṣe é. Ní 1999, Jerry Miculek, gbajúmọ̀ ayìnbọn ará Amẹ́ríkà, yin ọta mẹ́fà, ó kó mẹ́fà mìíràn sí i, ó sì yìn wọ́n tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá 2.99. Irin pẹlẹbẹ róbótó tó ń di ọta mẹ́fà pọ̀ ló lò, kì í ṣe ìka lásán.

Ṣé kì í ṣe ọ̀lẹ ló ń lo lódà?

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí lẹ́nu àwọn ọkùnrin wa, inú mi kì í sì í dùn sí i. Ìyá tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tí làkúrègbé ti mú oríkèé ọwọ́ rẹ̀, ní ẹ̀tọ́ láti lọ sí pápá bíi ti ẹnikẹ́ni. Nọ́ọ̀sì tó ń fi ọwọ́ rẹ̀ jẹun kò gbọdọ̀ lọ sí iṣẹ́ alẹ́ pẹ̀lú àtàǹpàkò tó wú. Ìyàwó tí ọkọ rẹ̀ ń bá kó ọta ní gbogbo ìgbà kò tíì mọ ìbọn rẹ̀ tán, nítorí lọ́jọ́ tí ọkọ kò bá sí ńkọ́? Mo máa ń sọ fún àwọn ọkùnrin pé kí wọ́n ra lódà fún ìyàwó wọn, kí wọ́n sì káwọ́ kúrò lórí mágásìnì rẹ̀.

Ohun mìíràn tún wà níbẹ̀. Ọwọ́ tó ti rẹ̀ kì í di ìbọn mú dáadáa. Ẹni tó bá ti fi agbára ọwọ́ rẹ̀ kó mágásìnì mẹ́rin yóò máa gbọ̀n bó bá dé ìdí ìbọn, yóò sì rò pé òun kò mọ̀ ọ́n yìn.

Ṣé lódà lè ba mágásìnì jẹ́?

Oníke kì í bà á jẹ́, nítorí ike rọ̀ ju irin ètè mágásìnì lọ. Ohun tó ń ba ètè jẹ́ ni kí mágásìnì tó kún já lulẹ̀ kó fi orí gbá kọnkéré. Bí ètè bá ti ṣí díẹ̀ tàbí tó là, ìbọn á bẹ̀rẹ̀ sí í há. Ẹ fi kálámù onítadáwà kọ nọ́ńbà sí ìdí mágásìnì kọ̀ọ̀kan, kí ẹ lè mọ èyí tó ń yọ yín lẹ́nu. Ẹ̀tọ́ èyí tí ètè rẹ̀ ti là ni kí ẹ sọ ọ́ nù.

Bí mo bá fi ọta sílẹ̀ nínú mágásìnì fún oṣù púpọ̀, ṣé sípírìn rẹ̀ kò ní kú?

Sípírìn tó dára kì í tètè kú nítorí pé ó dúró ní fífún. Fífún àti títú lemọ́lemọ́ ló ń gbó o. Ẹ má tìtorí sípírìn máa tú mágásìnì lóṣooṣù.

Ṣé ọta lè bú lọ́wọ́ mi níbi tí mo ti ń fi lódà tẹ̀ ẹ́?

Kí ọta tó gbiná, nǹkan líle gbọ́dọ̀ gbá ojú róbótó kékeré tó wà láàárín ìdí rẹ̀, tàbí etí ìdí rẹ̀ bó bá jẹ́ .22, lójijì. Lódà ń tẹ ẹ̀gbẹ́ ọta, díẹ̀díẹ̀ ló sì ń tẹ̀ ẹ́, nítorí náà ẹ fọkàn balẹ̀. Ohun tó léwu ni kí ọta há, kí ẹnì kan wá mú òòlù tàbí ìṣó láti fi gbá a. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ láé. Ẹ tú ìdí mágásìnì, kí ẹ gba ìsàlẹ̀ kó ọta jáde, tàbí kí ẹ pe alábòójútó pápá. Ẹ wọ awò ojú yín nígbà tí ẹ bá ń kó ọta pẹ̀lú. Ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ń yìn, ìkarahun ọta tó gbóná sì ń fò.

Ọta oríṣi méjì wà nínú àpò mi. Báwo ni mo ṣe máa dá wọn mọ̀?

Ẹ má kó méjèèjì lọ sórí tábìlì kan náà. Mo ń tẹnu mọ́ ọn nítorí .300 Blackout. Ọta yìí wọ mágásìnì 5.56 láìsí wàhálà, lódà AR-15 sì ń kó o bíi ti 5.56. Bí ó bá wọnú ìbọn 5.56, ìgbà mìíràn á wọlé tán, ẹ̀yìn ìbọn á tì, ẹ ó sì fa trígà. Orí ọta náà tóbi ju ihò ìbọn lọ. Ìbọn á fọ́ sí yín lójú. Bí ẹ bá ń fọwọ́ kó ọta ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ojú lè ṣàkíyèsí pé orí rẹ̀ sanra. Bí lódà bá sọ iṣẹ́ náà di kíákíá, ojú kì í wò mọ́. Ẹni tó bá ní ìbọn méjèèjì, kó ya mágásìnì wọn sọ́tọ̀ pẹ̀lú àwọ̀ tó yàtọ̀, kó sì gbé ọ̀kan sílé nígbà tó bá ń gbé èkejì lọ sí pápá.

Kí ló dé tí ọwọ́ mi fi máa ń dúdú bí mo bá kó ọta tán?

Òjé wà níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọta .22 ni orí rẹ̀ jẹ́ òjé tí wọn kò fi idẹ bò, èéfín ìbọn fúnra rẹ̀ sì ń gbé òjé káàkiri pápá. Òjé tó bá wọ ara ọmọdé ń pa ọpọlọ rẹ̀ lára. Ẹ má jẹun, ẹ má mu sìgá, ẹ má fọwọ́ kan ẹnu níbẹ̀. Ẹ fi ọṣẹ àti omi tútù fọ ọwọ́ àti ojú kí ẹ tó wọ mọ́tò. Bí ẹ bá ní ọmọ kékeré nílé, ẹ bọ́ ẹ̀wù àti bàtà yẹn kí ẹ tó gbé e mọ́ra. Lódà náà gbọ́dọ̀ di fífọ̀. Ọṣẹ ìfọbọ́ àti omi ti tó fún oníke, kí ẹ sì jẹ́ kó gbẹ dáadáa.

Ṣé òfin gba lódà?

Lódà kọ́ ni àwọn ìpínlẹ̀ ń wò, iye ọta tí mágásìnì lè gbà ni. New York, New Jersey, Massachusetts, Connecticut àti California fi 10 ṣe òpin. Colorado gba 15. Illinois gba 15 fún ìbọn ìléwọ́, 10 fún ìbọn gígùn. Maryland kò gbà kí wọ́n ta èyí tó ju 10 lọ níbẹ̀. Texas àti Georgia kò fi òpin sí i. Ọmọ wa tó ń ti Houston wakọ̀ lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní New Jersey gbọ́dọ̀ rántí pé mágásìnì tó jẹ́ ohun lásán ní Houston lè di ẹ̀ṣẹ̀ lójú ọ̀nà.

Wọ́n pariwo "síìsì fáyà", pé kí gbogbo èèyàn dẹ́kun ìyìnbọn, níbi tí mo ti ń kó ọta. Ṣé kí n máa bá a lọ?

Ẹ dá ọwọ́ dúró, ẹ gbé ohun gbogbo sílẹ̀, ẹ sún sẹ́yìn. Àwọn pápá kan gbà kí èèyàn kó ọta sí mágásìnì lórí tábìlì ẹ̀yìn nígbà náà, àwọn kan kò gbà á. Ẹ béèrè lọ́wọ́ alábòójútó kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ rárá. Ẹnu rẹ̀ ni òfin ibẹ̀ wà.

Ṣé mo lè kó mágásìnì mi kún sílé kí n tó lọ?

Àwọn kan ń ṣe é nítorí àkókò, ó sì bọ́gbọ́n mu bí ìbọn àti mágásìnì bá wà nínú àpótí irin tó ní àgádágodo, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Mágásìnì tó kún lórí tábìlì ìjẹun jẹ́ ìdajì ìbọn tó ti dí, ọmọ tó bá rí ìbọn náà kò nílò ju ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀ lọ láti fi èkejì kún un. Ní Texas, ẹ̀ṣẹ̀ ni bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún 17 bá rọ́wọ́ to ìbọn tó ní ọta nítorí àìbìkítà àgbàlagbà. Maryland gbé ọjọ́ orí tiwọn sí 18 ní 2023. Nílé wa tí ọmọ àbúrò, ọmọ ẹ̀gbọ́n àti ọmọ àwọn ará ìjọ máa ń wọlé wọ̀de, ojú kan kò tó láti ṣọ́ ọ. Àgádágodo nìkan ló tó.

Ṣé àwọn baba wa tó lọ ja ogun Bọ́mà mọ irú nǹkan yìí?

Wọ́n mọ̀ ọ́n, ọwọ́ wọn tilẹ̀ mọ̀ ọ́n ju tiwa lọ. Ìbọn Lee-Enfield tí wọ́n fún àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì ń gba ọta 10, kílípù irin olọ́ta márùn-ún ni wọ́n sì fi ń kó o. Sójà á fa ẹ̀yìn ìbọn, á gbé kílípù sí ojú ihò rẹ̀ lókè, á fi àtàǹpàkò tẹ márààrún wọlé lẹ́ẹ̀kan, á sọ irin náà nù, á tún fi èkejì sí i. Ìgbà tí Mauser ti Jámánì ṣe ìbọn fún àwọn ológun Bẹ́ljíọ̀mù ní 1889 ni irú kílípù yìí ti ń gbilẹ̀. Àwọn ọmọ Nàìjíríà tó wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun 81 àti 82 ti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tí àkọ́kọ́ nínú wọn dé Íńdíà ní 1943, lo irú ìbọn bẹ́ẹ̀ nínú òjò àti ẹrẹ̀ Arakan àti àfonífojì Kaladan. Ẹ ronú nípa ọmọkùnrin kan láti Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, tí ọdẹ ilé wọn ń fi ẹ̀tù àti ọ̀pá kì ṣakabùlà, ìyìn kan fún kíkì kan, tó wá bá ara rẹ̀ nínú igbó Bọ́mà, tó ń fi àtàǹpàkò rán ọta mẹ́wàá wọlé kí ẹ̀mí rẹ̀ má baà bọ́. Ó dùn mí pé a kò bi ọ̀pọ̀ nínú wọn léèrè ohun tí ọwọ́ wọn mọ̀ kí wọ́n tó lọ.

Mo ń bọ̀ wá sílé fún Kérésìmesì. Ṣé mo lè kó o dání?

Ìbọn, ọta àti mágásìnì: ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Òfin Amẹ́ríkà ń ṣàkóso kíkó wọn jáde kúrò nílùú. Ní Nàìjíríà, Òfin Ìbọn ti 1959 ka ìbọn ìléwọ́ mọ́ àwọn ìbọn tí ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ní àfi pẹ̀lú ìwé àṣẹ láti ọ̀dọ̀ Ààrẹ. Lódà nìkan kò lè yin nǹkan kan, àmọ́ kí lẹ fẹ́ fi ṣe ní Ìkẹjà? Ẹ má fi àyè ìbéèrè sílẹ̀ fún aṣọ́bodè.

Bó bá jẹ́ inú Amẹ́ríkà lẹ ti ń wọ bàálù, ẹrù tí ẹ bá fà lé ilé iṣẹ́ ọkọ̀ òfuurufú lọ́wọ́ ni ìbọn àti mágásìnì gbọ́dọ̀ wà, ìbọn láìní ọta nínú, nínú àpótí líle tó ní àgádágodo, kí ẹ sì sọ fún wọn níbi ìforúkọsílẹ̀. Ẹ kó lódà sí inú ẹrù yẹn náà. Àpò ọwọ́ kọ́ ni ibi rẹ̀.

Ẹyọ kan ṣoṣo ni owó mi ká. Èwo ni kí n rà?

Bí ẹ bá ní Glock kan péré, ẹ kọ́kọ́ wá èyí tó wà nínú páálí rẹ̀, kí ẹ lò ó dáadáa. Bí ìbọn ìléwọ́ yín bá ju ẹyọ kan lọ, tàbí tí ọwọ́ bá ń ro yín, UpLULA ni. Ẹni tó ń yin AR-15, LULA. Ẹni tó ní .22 kó wá èyí tó bá bọ́tìnì tirẹ̀ mu gan-an, nítorí wọn kì í ṣe ọ̀kan náà.

Ayédèrú wà lọ́jà orí íntánẹ́ẹ̀tì, Maglula fúnra wọn sì ti gbé ẹjọ́ rẹ̀ lọ sí kóòtù ní Amẹ́ríkà. Ike ayédèrú lè dá lójijì nígbà tí ẹ bá ń fún un. Ẹ lọ sí ṣọ́ọ̀bù tó ń ta ìbọn, ẹ mú mágásìnì yín tó ṣófo dání, kí ẹ fi dán lódà náà wò níbẹ̀ kí ẹ tó sanwó.